Yàrá Tí A Kọ́ fún Kàósárà

Inú bí mi débi pé mi ò kí Bàbá Barnabas kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ dákun, ẹ má bá mi wí. Ta ni yóò rí irú ohun tí mo rí tí yóò rántí ìkíni?

Irin ni! Wọ́n ti fi irin dí ojú fèrèsé yàrá tí mo fi oṣù mẹ́rin yà sórí ìwé. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, kí n máa ṣètò ilé fún àwọn tí ojú wọn ti rí màbo, kí ara lè tù wọ́n níbẹ̀. Láti Òṣogbo ni mo ti ń wá sí Iléṣà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí yàrá yìí. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló yọ̀ǹda ilé, Bàbá Barnabas sì ni alága wọn.

"Bàbá, ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n tì mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kànlá, ni ẹ fẹ́ kó wá jókòó sẹ́yìn irin?"

"Ilé wo ló wà ní Iléṣà tí kò nírin lójú fèrèsé?" Bàbá ò tiẹ̀ bínú. "Ààbò rẹ̀ ni mo rò, ọmọ mi."

"Ẹ rò ó! Ṣé ẹ bi í?"

Ọ̀rọ̀ Kàósárà ni à ń sọ. Ọ̀nà oko kòkó bàbá rẹ̀ nítòsí Ifẹ̀wàrà ni wọ́n ti gbé e. Láti ìgbà tó ti padà dé, kò sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni, oorun sì ti dá lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti wá bá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa wá o," ló wí. "Tí kò bá tù mí lára, kí ẹnikẹ́ni má pè mí mọ́."

Nítorí náà mi ò gbẹ̀bẹ̀. Bàbá kùn títí, ó pe wẹ́dà, wọ́n gé irin kúrò. Inú mi dùn, mo ti borí.

Lọ́jọ́bọ̀, Kàósárà dé. Ó wo fèrèsé, ó wọlé, ó jókòó. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mi ò tì í. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ní kí wọ́n ṣe yàrá náà sí, kí ariwo títì má baà dà á láàmú. Mo tún ní kí wọ́n fi fóòmù bo ògiri nínú. Kò sí ìró kankan.

Ó dìde lójijì.

"Kí ló dé tí ibí dákẹ́ báyìí? Bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ nìyẹn! Mo ké títí, kò sẹ́ni tó gbọ́."

Ó sá jáde kí n tó la ẹnu.

Yéè! Mo sáré tẹ̀ lé e. Iwájú ilé ni mo bá a, lórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá Barnabas ti ń bó obì. Ọ̀kadà ń kọjá, àwọn èèyàn ń kí Bàbá láti ojú títì. Bàbá ò bi í ní nǹkan kan, ó kàn sún apẹ̀rẹ̀ obì sí àárín wọn. Kàósárà mú ọ̀kan, ó ń bó o. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gba bàtà ẹsẹ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́rin! Mo gbé àga, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá wò mí.

"Tómilọ́lá, ṣé o bi í?"

Ojú tì mí. Mo dúró.

"Kàósárà, ṣé kí n wá jókòó?"

Kò gbójú sókè kúrò lára obì.

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀ yẹn ná, mà."

Mo gbé àga sílẹ̀, mo wà níbẹ̀.