Oògùn Agboolé Abórìṣàdé

Ní ọdún 1953, Dókítà Láwàlì, tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú oríkèé ara, kó oríṣi oògùn làkúrègbé méjì wá sí Ọ̀tà. Ìgò kan ní ìdérí pupa, èkejì ní dúdú. Òun pàápàá kò mọ èyí tó jẹ́ oògùn tuntun. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ojú mi á máa rí ohun tí ọkàn mi ń fẹ́," ló sọ fún èmi Ìyá Fàlílù, tí mo ń bá a kọ̀wé.

Ogójì aláìsàn mú ìwé pélébé tí a ká nínú igbá, ohun tí kálukú bá sì mú ló sọ ìgò tó kàn án. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fọwọ́ fún aṣọ tó rin, kí n lè fi ife wọn omi tó bá jáde, kí n sì mọ bí ọwọ́ wọn ṣe lágbára tó. Oṣù mẹ́ta gbáko, n kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ sí Ìbàdàn, mo yà ní agboolé Abórìṣàdé. Mo bá Ìyádùnní, ìyálé ilé náà, tó ń da ìgò pupa àti dúdú pọ̀ sínú àwo kan.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń pín oògùn ni. Pupa kàn mí, dúdú kan ìyàwó mi. Ṣé kí n máa dá tèmi mì, kó máa wò mí lẹ́nu?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní, àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí oríkèé ń dùn nílé yìí."

Mùíbátù, ìyàwó rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Fàlílù ti di òyìnbó. Ó fẹ́ kí ìyálé mi máa fi oògùn dù mí."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ sí àwọn ará ilé yẹn, kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ìwé mi á dé Ìbàdàn láìlábàwọ́n, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, ìwé náà lè di bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà.

Mo sọ ọ́. Dókítà ṣí ìwé náà sí ibi tí orúkọ wọn wà.

"Ṣé kí n fa ìlà pa orúkọ wọn?" ni mo bi í.

"Rárá, Ìyá Fàlílù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí ìwé tí wọ́n mú fi wọ́n sí, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń yọ ẹni tí kò bá wa lára mu, àwa la yan èsì yẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé èyí sàn ju ìyẹn lọ. Báwo la ṣe fẹ́ sọ pé kí wọ́n má pín nǹkan?"

"Ẹ má sọ ọ́. Agboolé ni kó mú ìwé, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi kan fún ilé kan. Kí wọ́n wá máa pín in bó ṣe wù wọ́n."

Ó wò mí, ó ní kí n tún un sọ kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi, sí ojú ewé ìkẹyìn ìwé náà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, èsì dé láti Ìbàdàn: ká tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ní agboolé sí agboolé, kí ẹni tó kọ ojú ewé ìkẹyìn sì máa bójú tó o. Mo ka lẹ́tà náà fún gbogbo ará ilé wa, lẹ́ẹ̀mejì.