Ìmọ̀ràn Àmínátù

Àmínátù, aránṣọ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Warri, ń gba àwọn oníṣòwò kéékèèké nímọ̀ràn níbi ìpàdé wọn ní Ugbolokposo.

Ó ní, "Ẹ má jágbe mọ́ oníbàárà láé."

Ni Agatha bá dìde, ẹni tó dá búláòsì tó há a lọ́rùn padà sí ṣọ́ọ̀bù Àmínátù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Madam, no be you shout pursue me comot?"

Ó wu Àmínátù kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó lọ bá a.

"Na me. Abeg, no vex."

"I don hear," Agatha dáhùn, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú.

Àmínátù lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó dorí kodò.