Ọjọ́ Tí Bernadette Yin Ìlú Erie

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú ìlú Erie, ìlú etí adágún nílẹ̀ òyìnbó, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ Erie. Wọ́n á bú yìnyín tí ń rọ̀ títí ẹnu ọ̀nà yóò fi dí, wọ́n á bú iléeṣẹ́ tó kógbá sílé, wọ́n á bú àwọn ọmọ tó kẹ́rù lọ tí wọn ò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí àlejò má dán an wò o! A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Nọ́ọ̀sì ni Bernadette Kuzniak, ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, ilé ìyá rẹ̀ ló ṣì ń gbé. Látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń yọ Màmá Wanda lẹ́nu, òun ló ń mú un gun àtẹ̀gùn, òun náà ló ń kó yìnyín kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìlú náà sú u dọ́ba, ó ń fún un lọ́rùn. Ilé ìwòsàn kan ní Kalifóníà ti ní kó wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n máa pè é láti gbọ́ èsì rẹ̀. Leon àbúrò rẹ̀ ti gbà, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ rẹpẹtẹ, pé òun àti ìyàwó òun á kó wá bá ìyá wọn gbé. Láìsí ìyẹn, kò sí ìrìn-àjò.

Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ni, kò sẹ́ni tó ń jẹran lọ́jọ́ Ẹtì. Gbogbo àdúgbò ti pé sí gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n ń jẹ ẹja díndín. Bernadette ń gbé àwo káàkiri nígbà tí Paige, oníròyìn kan láti New York, dá a dúró. Ó ní òun ń kọ̀wé nípa àwọn ìlú tí kò tóbi jù, tó dùn ún gbé, àmọ́ tẹ́nikẹ́ni ò kà sí.

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní ìlú yìí ti kú, pé ẹni tí kò ríbi lọ ló kù síbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bernadette lára, nítorí òun gan-an ni ẹni tí kò ríbi lọ.

"Ta ló sọ ìsọkúsọ yẹn? Ẹ lọ wo adágún nígbà tóòrùn bá ń wọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé òkú ni! Tí mọ́tò yín bá rì sínú yìnyín, ẹni tí ò mọ̀ yín rí ló máa fi ṣọ́bìrì wa yín jáde. Ṣé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní New York? Ẹ gbé Kalifóníà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò gbà! Ibí ni wọ́n máa sin mí sí."

"Sọ fún un, Bernie!" ni àwọn èèyàn ń pariwo, àtẹ́wọ́ ń ró. Orí Bernadette wú. Háà, ẹnu òrofó ní í pa òrofó!

Àfi bí Leon ṣe dì mọ́ ọn, tí omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ ṣeun. Ìyàwó mi ò fẹ́ kó wá rárá, tipátipá ni mo fi ń mú un. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ti sọ fún mi pé ẹ ò lọ mọ́?"

"Leon, dúró ná, ohun tí mo..."

Leon ti kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú! A ò kó mọ́!" Obìnrin náà fọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Bernadette fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbá a lọ́wọ́ mú.

"Mo ti ń gbọ́ fínrín pé o fẹ́ lọ," ni Màmá Wanda wí. "Mi ò fẹ́ dí ẹ lọ́nà, ni mo ṣe dákẹ́. Ní báyìí tó o ti fẹnu ara ẹ sọ ọ́, ọkàn mi balẹ̀."

Kí ló fẹ́ sọ? Pé irọ́ lòun ń pa? Lójú gbogbo ìjọ, lójú ọmọ New York yẹn?

Fóònù gbọ̀n nínú àpò épúróònù rẹ̀. Ó jáde sínú yìnyín, ó gbé e. Àwọn ará Kalifóníà ni.

"Ṣé ká máa retí yín, mà?"

Ó wo inú gbọ̀ngàn lójú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ ń nawọ́ sí i, ó ń fi í yangàn fún Paige.

"Ẹ ṣeun gan-an," ni ó wí. "Ẹ fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà."

Ó sunkún níbẹ̀, ó sunkún gidi. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn: "Bernie, ẹja ti jinná o!"

"Mò ń bọ̀," ló dáhùn, ó nu ojú, ó sì wọlé.