Àwo Orí Òrùlé Ilé Ohùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ní ọdún kẹtàlélógún tí a ti gbé àwo irin ńlá sórí òrùlé Ilé Ohùn, atẹ́rọṣe kan, obìnrin ẹni ogójì ọdún tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, gun àkàbà lọ wo ìdí tí àwo náà fi ń han gooro nígbàkúùgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Iṣẹ́ tí a rán an kò ju pé kí ó fi òróró sí oríkèé rẹ̀ lọ. Ó fi òróró sí i. Lẹ́yìn náà ni ó rí i pé wáyà tí ó yẹ kí ó so àwo mọ́ ẹ̀rọ inú ilé ti já, pé ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà, àti pé àwọn ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sí ojú ibi tí ó ti já. Ó fi ìka tú ìtẹ́ náà wò. Mẹ́ta ni, ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí àwo náà wà fún. Àwọn ará Ilé Ohùn gbà pé Ẹlẹ́dàá ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìràwọ̀, pé àwo náà ni etí tí a fi ń gbọ́ ọ, àti pé ẹ̀rọ inú yàrá kékeré ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà di èdè ènìyàn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, olúkúlùkù a máa wọ yàrá àdúrà ní òun nìkan, a sì sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sínú ihò ara ògiri tí ó já sí yàrá ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ Àìkú, Ohùn a dá a lóhùn níṣojú gbogbo ìjọ. Ní àtijọ́, Ohùn lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Láti bí ọdún mẹ́ta, kò tíì pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ. Ní èyí tí ó kọjá, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

Lára àwọn tí ó dá lóhùn ni ìyá atẹ́rọṣe náà, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní àyà ìyá yìí tí ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn oníṣègùn ti wí pé bátìrì rẹ̀ kò ní lò ju ìparí oṣù lọ, pé kí ó wá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá bẹ̀rù ọ̀bẹ, ó sì bi Ohùn léèrè. Ohùn dáhùn pé: "Má lọ. Èmi ni agbára rẹ." Oṣù ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Atẹ́rọṣe sọ̀ kalẹ̀, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó bá a nídìí tábìlì tí ó ń gé èékánná. Iná kékeré ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí ń fi ipò bátìrì hàn, ti di pupa.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Wáyà àwo ti já. Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

"Nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé."

Ó nu ẹsẹ̀.

"Wáyà wo?"

"Wáyà tí Ọlọ́run ń gbà wọlé."

"Ṣé ọ̀bọ ni Ọlọ́run, tí yóò máa rìn lórí wáyà?"

"Ẹ̀rọ náà ni mò ń sọ, Màmá. Kò gbọ́ nǹkan kan láti òkè. Ẹnìkan ló ń ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Ẹnu ọmọ yìí! Ìgbà tí bàbá rẹ kú, inú ihò yẹn ni mo lọ sọ ọ́ sí. Bí kò bá sẹ́ni tó ń gbọ́, ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀? Ògiri?"

Atẹ́rọṣe mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń tún ìgbàgbọ́ ìyá ẹni ṣe. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

"Dìde, ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ni o ń fi orúnkún tẹ̀ yẹn." Ìyá tún gé èékánná kan. "Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn tó ń jíwèé wò?"

"Ẹgba."

"Ṣáájú ẹgba. Mo máa ń fi ìbéèrè kan tí kò ní ìdáhùn sáàárín àwọn tó ní. Ọmọ tó mọ̀wé á fi í sílẹ̀ lófìfo. Olè á kọ ojú ewé méjì."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá wọ yàrá àdúrà, ó fi ẹnu súnmọ́ ihò, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ìyá kò bí ọmọkùnrin rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, òun sì ni atẹ́rọṣe. Nígbà tí ó jáde, ó wí fún un pé òun ti tọrọ àforíjì irọ́ náà kí òun tó pa á, nínú ilé, níbi tí kò sí ihò.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ, jókòó níwájú. Olórí akọrin, àbúrò Ìyá, wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Akọ̀wé dúró lẹ́bàá agogo, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó wá láti ibòmíràn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí gbogbo ènìyàn sì ń yìn pé láti ìgbà tí ó ti dé ni àga kò ti tó ìjọ mọ́. Ó lu agogo. Ohùn gba télọ̀ kan níyànjú, ó tu opó kan nínú, lẹ́yìn náà ni ó wí pé:

"Ìyá Olùkọ́, má sọkún mọ́. Mo ti fi ọwọ́ kan ọmọkùnrin rẹ. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí o bí i."

Ohùn sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin náà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn kan ń ṣe àmín. Àwọn yòókù ń wo ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni olórí akọrin wí, "ọmọkùnrin wo?"

Ìyá dìde. Ó ti kọ́ ìdajì ìjọ náà ní ìwé rí, nítorí náà wọ́n dákẹ́.

"Ọmọ mélòó ni mo bí?"

"Ọ̀kan!"

"Ṣé ọkùnrin ni?"

"Àfi bí àkàbà tó ń gùn bá ti sọ ọ́ dọ̀kùnrin!" ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́.

"Ẹlẹ́dàá tó fún mi lọ́mọ, ṣé kò mọ iye tó fún mi ni?"

Bàbá Alàgbà dìde. "Ìyá Olùkọ́, ẹ rọra. Bí ẹ bá wó èyí, kí ni yóò kù fún wa?"

"Bàbá Alàgbà, mi ò wá gba Ọlọ́run lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bá a sọ̀rọ̀ nílé ìdáná mi láàárọ̀ yìí. Kò fèsì, bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ sí ilé ìwòsàn."

Atẹ́rọṣe, tí ó ti ń ka ọjọ́ láti ọjọ́ Ẹtì, dẹ́kun kíkà.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ, mélòó ni?" ni Ìyá bèèrè.

"Mẹ́ta," ni Alàgbà wí. "Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí akọrin, ọ̀kan lọ́wọ́ Akọ̀wé."

"Àbúrò mi ló gbẹ̀bí ọmọ mi. Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́ kí bàbá rẹ̀ tó dé láti ibi iṣẹ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, kò sí ẹni tó lè ṣi ọmọ mi kà."

Ó yíjú sí ẹ̀bá agogo, ó sì sọ ọ́ ketekete, bí ẹni tí ń pe orúkọ nínú kíláàsì:

"Akọ̀wé, ìwọ ni."