Ọpọlọ Jẹ́rìí fún Oníbúrẹ́dì

Ìyàwó oníbúrẹ́dì ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kó tó gún ọkọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní ìka láàárọ̀ ọjọ́ náà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti búra pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá tún ga, ilé ẹ̀gbọ́n òun lòun ń lọ. Òun ò ní jókòó máa wo ọkùnrin tó ń fi irọ́ pa ara rẹ̀.

Ó ga lóòótọ́.

"Mi ò fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ àná," ọkọ bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Aráyé ló ń yan búrẹ́dì fún, kúkúńbà lòun ń jẹ.

"Ta ló wá jẹ ẹ́? Èmi?"

Ibẹ̀ ni ọpọlọ oníbúrẹ́dì ti yọ́ jáde láti etí rẹ̀, ó gorí tábìlì, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára, ó jókòó bí àgbà tó wá parí ìjà. Ìyàwó ò tilẹ̀ sún sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó ní ọpọlọ bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn.

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹ má bínú," ọpọlọ ní. "Èmi ni. Ínsúlíìnì, omi ara tó ń darí ṣúgà, ló máa ń jíṣẹ́ fún mi pé ṣúgà wà nílẹ̀. Ní báyìí, ó lè kanlẹ̀kùn títí, etí mi ti di. Mo bá rò pé ìyàn mú, mo ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ pé kó ṣí àká, kó tú ṣúgà síta."

"Ìwọ tó o wà lókè, o ò rí i pé ilé kún?"

"Òkè náà ni mo wà. Mi ò rí ìsàlẹ̀."

Inú oníbúrẹ́dì dùn débi pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. "Má fi bò," ó ní. "Sọ gbogbo ohun tó o mọ̀ fún un."

"Ó ku kéèkì Ọjọ́bọ̀," ọpọlọ ní. "Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ẹ̀yìn ààrò ló ti jẹ ẹ́. Ó tún lá bébà rẹ̀."

Òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ti ọpọlọ yìí ò tiẹ̀ dé ibi ọpẹ́. Ó rọra padà sínú etí.

Oníbúrẹ́dì wolẹ̀. "Mo jẹ ẹ́," ó ní. "Ojú ló ń tì mí."

 Ìyàwó tú báàgì, ó kó aṣọ rẹ̀ padà sí àyè wọn. Ó ní àwọn jọ ń lọ bá dókítà lónìí. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, ó gbé ẹnu sí i létí, ó pariwo bí ẹni ń bá arúgbó sọ̀rọ̀:

"Oúnjẹ wà nílé. Ebi ò pa ọkọ mi."