Ọ́ìlì Tó Ki

Nùréènì mẹkáníìkì ti ìka méjì bọ inú agolo ọ́ìlì náà, ó fà wọ́n yọ, ó sì gbé wọn sókè sí oòrùn. Ọ́ìlì náà kò kán sílẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ ìka rẹ̀ bí oyin, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́.

"Ẹ̀njíníà, ọ́ìlì jíà rèé o," ó ní. "Àwọn tó fẹ́ ta òkú ọkọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ló ń dà á mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí oníbàárà á fi gbé e lọ. Ṣé o fẹ́ ta Pijó Bàbá ni?"

"Ta ló fẹ́ tà á?"

"Kí lo wá fẹ́ fi ṣe? Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì nìyí? Ìwọ lo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lórí nọ́ńbà ara agolo. Èyí ki jù, èyí ṣàn jù. A ti wá rí èyí tó tọ́, o tún gbé ohun tí wọ́n ń rọ sínú jíà tírélà wá bá mi."

Lọ́jọ́ mìíràn, Fọlárìn ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ó kàn dúró ti ọkọ̀ náà, ó ń fi èékánná họ ìpẹtà tó wà létí ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá Nùréènì, Bàbá fẹ́ wa ọkọ̀ yìí lọ sí Ìbàdàn kí Kérésì tó dé."

Nùréènì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá àkísà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìka rẹ̀, kò sì tètè nù ún tán.

"Ẹ ò tíì sọ fún wọn?"

"A ò tíì sọ."

Catherine, ẹ̀gbọ́n Fọlárìn, ti kú ní Ìbàdàn nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Ibà ni wọ́n pè é, ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Inú ọgbà ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá kò ní gbà á, wọ́n ní a kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu àgbàlagbà láyà. Ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá ná. Bí Bàbá bá béèrè ọmọ rẹ̀, kí wọ́n ní iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń fún un ṣe ní ọsibítù, tẹlifóònù ibẹ̀ kò sì lọ dáadáa. Irọ́ yẹn rọrùn láti gbà gbọ́. Ọdún kejì tí ìjọba alágbádá dé la wà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ bí tẹlifóònù ṣe rí.

Àmọ́ Bàbá ní bí tẹlifóònù kò bá lọ, ọkọ̀ òun máa lọ.

Màámi ló pe Fọlárìn sí ẹ̀yìn ilé. Ojú rẹ̀ wú. "Wá nǹkan ṣe sí ọkọ̀ yẹn," ó ní. "Kó má lè dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n má bà á jẹ́ o. Bí o bá bà á jẹ́, ikú mìíràn lo pa á yẹn."

Láti kékeré, ohunkóhun tó bá ti ta kókó, Fọlárìn ni yóò jókòó tú u. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Òrégùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sùn ní àkókò ìsinmi, yóò máa rìn kiri lẹ́yìn ẹ̀rọ, yóò máa wá ohun tó ń dún tí kò yẹ kó dún. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ Bàbá ti jẹ́ ayọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó, àyè ti wà láàárín irin àti irin. Bí wọ́n bá fún un ní ọ́ìlì tó ṣàn, yóò gba àárín àyè yẹn kọjá, yóò jó, èéfín aláwọ̀ aró yóò sì máa tú lẹ́yìn ọkọ̀. Bí wọ́n bá fún un ní èyí tó ki jù, kò ní tètè gun òkè láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì wúwo bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ó ti dán èyí wò, ó ti dán tọ̀hún wò, títí ó fi kan agolo tí wọ́n kọ ogún àti àádọ́ta sí lára: tó ń ṣàn bí ogún nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí kò sì ṣàn ju àádọ́ta lọ nígbà tó bá gbóná. Ó fẹ́ lọ ra agolo náà ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn Catherine dé.

Ní báyìí, ìṣirò kan náà ni wọ́n ní kó ṣe, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ọ̀nà àtimú ọkọ̀ ṣàìsàn láìpa á.

"Díẹ̀ péré ni ká dà sí i," ó wí fún Nùréènì. "Bátìrì rẹ̀ kò lágbára. Nínú ọyẹ́ yìí, yóò máa ṣòro láti tanná. Á lè dé ṣọ́ọ̀ṣì, á lè dé Ìkẹjà. Kò sẹ́ni tó máa gbé irú rẹ̀ jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn."

Nùréènì dà á sí i. Nígbà tó ń de ìdérí, ó ní, "Ọ́ìlì tó ki kì í wo ọkọ̀ sàn, Fọlárìn. Ẹnu rẹ̀ ló kàn ń dì." Kò pè é ní Ẹ̀njíníà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá jókòó sídìí ọkọ̀ nínú ọyẹ́, ó wọ súwẹ́tà tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nígbà tó ṣì jẹ́ tíṣà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kérora, ó dákẹ́. Ó tún yí i, ó tún kérora. Ìgbà tó yá ni ó tanná. Bàbá dẹ etí sílẹ̀.

Ọkọ̀ yẹn ní ìró kan tẹ́lẹ̀. Kó-kó-kó, láti orí ẹ́ńjìnnì, bí ẹni tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn onígi. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ débi pé àwọn ará ilé kì í gbọ́ ọ mọ́. Ní òwúrọ̀ yẹn, kò sí níbẹ̀.

"Ó ti dákẹ́," Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Fọlárìn dáhùn. Òun gan-an kò ronú kan ìró náà. "Ọ́ìlì tí a ń dán wò ni. Mo ṣì ń wá èyí tó máa bá a mu gan-an. Ẹ má tíì gbé e kọjá Ìkẹjà ná."

"Èyí tó máa bá a mu." Bàbá tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. "O ò tíì rí i?"

"N ò tíì rí i, sà."

Màámi yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Fọlárìn, ẹ wá jẹun. Ọyẹ́ yìí á mú yín."

Bàbá wò ó. Ó wò ó pẹ́, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó bi í. Lẹ́yìn náà ó pa ọkọ̀, ó sì wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Màámi a ní òun ń lọ ra ẹran ní Oko Ọba. Ilé Ìyá Láídé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní òpópónà kejì, ló ń lọ, yàrá kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń wọ̀ láti sunkún. Ìyá Láídé a tan rédíò sókè kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ní ọjọ́ kan, Màámi pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀, ó sì gbàgbé láti ra ẹran bọ̀. Ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran ni Bàbá jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, kò béèrè nǹkan kan.

Nígbà tí Kérésì ku bí ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá pe Fọlárìn sí ìta. Ó ti ṣí iwájú ọkọ̀, ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó mú un lọ́wọ́.

"Gbóòórùn rẹ̀."

Fọlárìn kò gbé e sí imú. Ó ti mọ̀ ọ́n.

"Jókòó sínú ọkọ̀," Bàbá wí. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú, Bàbá sì pa ilẹ̀kùn dé. "Ta ni mí?"

"Bàbá mi ni yín."

"Bàbá ta ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò yìí?"

Fọlárìn ń wo irin ọ́ìlì tó wà lọ́wọ́ Bàbá.

"Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá rẹ ti ń pè mí ní Bàbá Catherine," Bàbá wí. "Bó bá ń bínú, Bàbá Catherine. Bó bá ń ṣàìsàn, Bàbá Catherine. Nùréènì a máa ké e láti ọ̀dọ̀ rélùwéè, 'Bàbá Kátírìn! Ẹ gbé àgbà ọkọ̀ yín wá, ẹ jẹ́ n jẹun!' Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, gbogbo yín yí i padà. Bàbá Fọlárìn. Ìyá Láídé tiẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Tíṣà. Ẹ gba orúkọ ọmọ mi lẹ́nu ara yín, ẹ sì rò pé n ò ní gbọ́."

Fọlárìn gbé orí lé dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo ohun tí àwọn ẹbí jókòó pète, kò sẹ́ni tó rántí èyí. Ẹnu ti gbogbo wọn ni orúkọ náà ti wúwo jù, oníkálùkù sì gbé e sọ kalẹ̀ láìbá ẹnìkejì sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà yẹn lẹ ti mọ̀, sà?"

"Mo ń fura. Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ sí Oko Ọba tí kò ra ẹran ni mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ó ń ṣe wàhálà gidigidi láti fi pamọ́ fún mi. Bí mo bá sọ, á rò pé òun ló tú u. Ìyá ń lọ sunkún ọmọ rẹ̀ nílé onílé bí ẹni tó jalè, èmi náà ń tẹ ojú mọ́ ìrọ̀rí kó má baà gbọ́." Ó nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Èmi náà ń rọ ọ́ìlì tó ki sí i ni."

Eruku ọyẹ́ ti bo gíláàsì iwájú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó nù ún.

"Mo ṣì fẹ́ lọ sí Ìbàdàn," Bàbá wí.

"Bàbá, wọ́n ní bàbá kì í dé ojú oórì ọmọ."

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti mọ̀ ọ́n. N ò ní sọ̀ kalẹ̀. Inú ọkọ̀ ni n ó wà, ní ẹnu géètì." Ó gbé ọwọ́ lé sítíárì. "Nígbà tó wà ní pírámárì, bí mo bá ti yà wọ òpópónà yìí, á ti gbọ́ kó-kó-kó. Kí n tó débí, á ti ṣí géètì sílẹ̀, á dúró lé e lórí, á máa bá a fì síwá sẹ́yìn. Nígbà tó dé ilé ọkọ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. N kì í fọn fèrè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọkọ̀ tó yadi lọ síbẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni?"

Fọlárìn ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

"Ọ́ìlì tó bá a mu," Bàbá wí, "ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n yóò tún máa dún."

"Òun ni mo ń wí."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró láàárín ọgbà, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń pè é láti ọjọ́ tó ti bímọ.

"Ìyá Catherine!"

Nǹkan kan já bọ́ ní ilé ìdáná. Màámi jáde, iyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Bàbá, ó wo Fọlárìn, ó tún wo Bàbá. Ó rọra jókòó sórí yanrìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ké. Kò sí rédíò tó bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá lọ jókòó tì í, òun náà sórí yanrìn, àgbàlagbà tí eékún ń dùn.

Nùréènì ló tú ọ́ìlì náà dànù. Ó pẹ́ kó tó ṣàn tán, ó ń fà wálẹ̀ bí ohun tí kò fẹ́ kúrò. Ó da èyí tó tọ́ sí i, ó tanná, kó-kó-kó sì bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí ìta, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá tòun ti èérí ara rẹ̀. "Bàbá Kátírìn," ó ní. "Ẹ kú ìrọ́jú." Kò rí àwàdà kankan fi kún un.

Wọ́n lọ. Bàbá ló wa ọkọ̀, Màámi jókòó tì í, Fọlárìn wà lẹ́yìn, ojú rẹ̀ lórí iná tó máa ń tàn bí ọ́ìlì bá ń tán. Iná náà kò tàn rárá. Èéfín kò tú. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà láti Agége títí dé Ìbàdàn, kò sì sí ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ilé náà wà ní títì. Ayọ̀tọ́lá, ọkọ Catherine, ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ewé gbígbẹ ti kó jọ sí ẹsẹ̀ géètì. Bàbá dúró síbi tó máa ń dúró sí. Kò fọn fèrè. Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ pẹtiróòlù díẹ̀, kí ìró náà lè lọ sínú.

Kó-kó-kó. Kó-kó-kó.

Ajá kan gbó níbìkan, ó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, Bàbá na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa á.

Màámi gbá ọwọ́ náà mú. "Ẹ má tíì pa á, Bàbá Catherine," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó dún sí i díẹ̀."