Èédú Ojú Awóníyì

Ta ni kò mọ Awóníyì aláwàdà ní Ìgbóná, l'Óṣogbo? Èédú lílọ̀ tó fi òróró pò ló fi ń kun ojú, á wá fi àtíkè funfun yí ẹnu ká. Bó bá ti yọ báyìí, kò tíì sọ nǹkan kan, ẹ̀rín ti ń pa èèyàn. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń kùn ún nìyẹn. Kò fi fara wé ẹnì kankan. Ojú aláwàdà ni, ó parí.

Amẹ́ríkà ni Ọ̀ṣuntọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà. Ọmọ ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ilé ìyá ọkọ ni wọ́n sì ń gbé. Shalom, ọmọ wọn, ti ń sáré káàkiri, Awóníyì kò tíì gbé e rí. Ṣùgbọ́n físà ti jáde, wọ́n ti ní kó máa bọ̀. Gbogbo Ìgbóná ló ti gbọ́, torí bàbá kò lè pa á mọ́ra.

Nígbà tí ọjọ́ ìbí Shalom kò, ó kun ojú, ó ní kí Kàmál tí wọ́n jọ ń gbélé fi fóònù ya òun. Ó jó, ó ṣubú, ó yọ ahọ́n, ó sì fi ránṣẹ́ kí gbogbo ilé jọ wò ó.

Ọ̀ṣuntọ́lá pè lọ́jọ́ kejì. Ó ní ìyá ọkọ òun dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó wọ yàrá lọ, kò sì tíì bá òun sọ̀rọ̀.

"Bàbá mi, irú ojú yẹn gan-an làwọn òyìnbó ibí máa ń kùn láyé ọjọ́un láti fi àwọn baba ńlá ìyá yìí ṣe yẹ̀yẹ́, bíi pé wọn kì í ṣèèyàn."

"Ṣé òyìnbó lèmi ni? Dúdú ni mí, Tọ́lá. Ta ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Àwọn ni ò mọ̀."

Ká ní ó dákẹ́ ni, bóyá ì bá rọlẹ̀. Awóníyì kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó rò ó pé bó bá jẹ́ òyìnbó ló ṣẹ ìyá náà, kóun fi òyìnbó ṣẹ̀sín, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ó da àtíkè bojú, ó lẹ imú gígùn, ó wọ kóòtù, ó ń sọ̀rọ̀ gba imú. Eré yìí ló ṣe níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íléṣà, tí àlùfáà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ní kó fi han ìyá rẹ̀.

Ìyá ní wọ́n sọ ohun tó dun òun fún ọkùnrin yìí, ẹ̀fẹ̀ ló tún fi dáhùn. Ilé òun ni, kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹkún ni Ọ̀ṣuntọ́lá fi sọ ọ́. Awóníyì ń gbọ́ igbe ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀, ó béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ.

"Fídíò yín àkọ́kọ́ ló ń béèrè. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín nílé yìí. A ti pa á rẹ́, Bàbá."

Awóníyì ti gba iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ n'Íléṣà, kò sì lè yẹ̀ ẹ́. Ó kun èédú, ó jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan na ọmọ rẹ̀ sí i kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ọmọ náà fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó rí èédú lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Awóníyì gbá a mọ́ra. Nígbà tí omijé bẹ̀rẹ̀ sí í la èédú ojú rẹ̀, wọ́n rò pé eré ni, wọ́n túbọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Tipátipá ni wọ́n fi gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀.